Bí Mo Ṣe Ń Ṣọ́ Ẹ̀rọ Ilé Ìwòsàn Láti Ilé Ìyá Mi

Ní ọdún tí ìyá mi ṣubú, iṣẹ́ mi ni láti máa tọ́jú ẹ̀rọ kan tó wà nínú yàrá kékeré lẹ́yìn lábù, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Banikanni, àdúgbò kan nínú ìlú wa. Ilé ìwòsàn náà kò tóbi. Dókítà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí méjì, ọkùnrin kan tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò ní lábù, àti èmi. Àwọn aláìsàn máa ń pè mí ní nọ́ọ̀sì nítorí aṣọ funfun tí dókítà àgbà ní kí gbogbo wa máa wọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo kọ́ ní yunifásítì.

Ẹ̀rọ tí mò ń sọ yìí ni wọ́n ń pè ní sáfà. Kò sí ẹni tó ń jókòó síwájú rẹ̀. Àpótí dúdú kan ni, tó ń mí fùù-fùù bí ẹni tó sáré dé. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni ètò tí gbogbo ilé ìwòsàn fi ń ṣiṣẹ́ wà. Bí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ mọ̀ bóyá aláìsàn kan ti wá rí, bí agbẹ̀bí bá fẹ́ wo iye oṣù tí oyún kan jẹ́, bí ará lábù bá kọ èsì àyẹ̀wò tí dókítà sì fẹ́ kà á, inú àpótí yẹn ni ọ̀rọ̀ ń gbà lọ, ibẹ̀ ló sì ń gbà bọ̀. Bí ó bá dákú, gbogbo kọ̀ǹpútà tó kù nínú ilé á kàn máa wo ojú wa ni.

Ó sì máa ń dákú. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mejì, ní òwúrọ̀ tí èrò bá pọ̀ jù lọ. Nígbà yẹn, yàrá tí mo gbà ní Banikanni kò jìnnà sí ibi iṣẹ́. Tí wọ́n bá ti pè mí, màá wọ bàtà, màá rìn lọ, màá pa ẹ̀rọ náà, màá tún un tàn, gbogbo ènìyàn á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. N kò bi ara mi rí pé kí ló ń mú un dákú. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ṣe ń ṣe. Ká sòótọ́, ọpẹ́ yẹn náà ń dùn mọ́ mi.

Ìyá mi ń dá gbé ní Ladjifarani, àdúgbò mìíràn nínú ìlú náà, nínú ilé tí bàbá mi kọ́ kó tó di olóògbé. Aṣọ ló tà ní ọjà ńlá fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, ó fẹ́ ṣe àlùwàlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ọsibítù ìjọba. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, ṣùgbọ́n dókítà tó ṣe é kìlọ̀ fún wa pé fún oṣù mẹ́ta, kò gbọdọ̀ dìde láìsí ẹni tí yóò dì í mú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Kútọnu, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nílé ọkọ ní Ṣakí. Èmi ni mo wà nítòsí, èmi sì ni n kò tíì lọ́kọ. Wọn kò ṣe ìpàdé lé e lórí. Mo di aṣọ mi sínú àpò, mo gun ọ̀kadà, mo kó lọ sí Ladjifarani.

Obìnrin opó kan ní àdúgbò gbà láti máa wà pẹ̀lú ìyá mi. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, òun náà ní ibi tó ń lọ. Mo wá lọ bá dókítà àgbà, obìnrin tó dá ilé ìwòsàn náà sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ṣàlàyé ara mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ máa ṣiṣẹ́ láti ilé ní ọjọ́ méjèèjì yẹn."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Bí ẹ̀rọ bá dákú ńkọ́?"

"Bàbá gádíyẹ̀n á bá mi tún un tàn."

"Bàbá gádíyẹ̀n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Màá máa júwe fún wọn lórí fóònù."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Lọ tọ́jú ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n wá ọ̀nà tó sàn ju ìyẹn lọ. Ìlera ènìyàn kì í ṣe ohun tí à ń fi fóònù júwe."

Bàbá gádíyẹ̀n ni àgbàlagbà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ọmọ Bàrùbá ni. Èdè Dẹ́ńdì ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, nítorí òun kò gbọ́ Yorùbá, Bàrùbá tèmi kò sì kọjá kíkí ènìyàn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò tíì parí tí a fi bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo iwájú àpótí yẹn. Iná kéékèèké wo ló ń tàn?"

"Méjì ni. Ọ̀kan ń ṣẹ́jú, èkejì sùn."

"Èyí tó sùn yẹn, ṣé ó ti pẹ́ tó ti sùn?"

"Ọmọ mi, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibí ni."

Màá ní kó tẹ bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀, kó kà dé mẹ́wàá, kó fi í sílẹ̀, kó tún un tẹ̀. Á kà á sókè ní Bàrùbá, èmi náà á máa gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ á jí. Ó gbádùn iṣẹ́ yìí gan-an, ó tilẹ̀ máa ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé òun ni igbákejì mi.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, nǹkan yíwọ́. Ẹ̀rọ dákú. Bàbá ti gbé fóònù rẹ̀ síbi tó ti ń gba iná nínú yàrá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà níta. Èmi wà ní balùwẹ̀, mò ń bá ìyá mi wẹ ẹ̀yìn, fóònù mi wà lórí ibùsùn. Nígbà tí a jáde, mo bá ìpè méje. Mo pe àwọn agbẹ̀bí, wọn kò gbé e. Mo pe lábù, kò gbé e. Ó tó wákàtí kan kí àgbà nínú àwọn agbẹ̀bí tó pè mí padà.

"Àǹtí, a wá yín títí," ló sọ. Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀.

Obìnrin kan ló bímọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá. Wọ́n ní láti ránṣẹ́ lọ wá ẹ̀jẹ̀ kíákíá, wọ́n sì fẹ́ mọ irú èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Inú ẹ̀rọ ni èsì àyẹ̀wò rẹ̀ wà. Ohun tó gbà wọ́n là ni pé ọkùnrin tó wà ní lábù, ọmọ Ṣábẹ̀ kan tó jù mí lọ dáadáa, ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tó ń fi báírò kọ gbogbo èsì sí, láti ìgbà tí kò tíì sí kọ̀ǹpútà nílé ìwòsàn náà. A ti sọ fún un lọ́pọ̀ ìgbà pé kó gbàgbé ìwé yẹn. Èmi gan-an ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Inú ìwé yẹn ni wọ́n ti rí i. Obìnrin náà yè, ọmọ rẹ̀ yè.

Mo jókòó lórí ẹní lẹ́bàá ìyá mi. Ìyá mi bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo sọ fún un. Ó ní, "Ọlọ́run ló ṣọ́ obìnrin yẹn. Ìwọ náà lọ ṣọ́ tìrẹ."

Ètò tí ẹ̀rọ náà ń gbé ní ojú kan tó lè là fún ẹni tó wà lókèèrè. Ẹni tó bá gba ojú yẹn wò ó á rí bí ìrántí rẹ̀ ṣe kún tó, iye ènìyàn tó ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àti iṣẹ́ tó há a lọ́fun. Pípadé ni ojú náà máa ń wà títí ẹnìkan á fi là á. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ilé ìwé, ṣùgbọ́n n kò là á rí, nítorí kí ni mo fẹ́ wò tí n kò lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ wò?

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, nígbà tí àwọn aláìsàn ti lọ tán, mo kọ ìlà díẹ̀ kún ìwé tí ẹ̀rọ náà máa ń kà nígbà tó bá ń jí. Mo ní kó la ojú, mo fún un ní nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí màá máa gbà wọlé. Mo tún sọ fún ògiri ààbò, èyí tó ń dí ẹ̀rọ wa mọ́ àwọn àlejò orí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé kó ṣí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn. Mo pa ẹ̀rọ, mo tàn án. Mo lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé tábìlì kékeré sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ṣí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, mo gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti inú fóònù, mo ní kí n wọlé. N kò rí ọ̀nà wọ̀. Mo tún gbìyànjú. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ dáhùn, lẹ́yìn náà á dákẹ́ lọ gbári. Ìyá mi ń wò mí láti ojú fèrèsé tí ibùsùn rẹ̀ wà.

"Ta lò ń bá jà?"

"Ẹ̀rọ ni, Màámi."

"Èyí tó wà níwájú rẹ yẹn?"

"Rárá o. Èyí tó wà ní Banikanni."

"O jókòó síbí, ẹ̀rọ wà ní Banikanni, o wá ń kanra mọ́ ọn. Ṣé ó ń gbọ́?"

"Ìyẹn gan-an ni mi ò mọ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì di ìbàdí rẹ̀ mú nítorí ẹ̀rín náà dùn ún.

Bí mo ṣe ń lọ tí mò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn nìyí. Tí mo bá wà ní Banikanni, màá yí nǹkan padà; tí mo bá dé Ladjifarani, màá rí i pé kò ṣiṣẹ́. Ní Ọjọ́rú, mo gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí ẹnu ọ̀nà náà, kó má baà jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá kàn án ló máa wọlé. Ẹ̀rọ kọ̀, kò jí mọ́. Ó ní ìwé tí mo kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sí, ẹlòmíràn náà lè kà á, òun kò sì ní gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ láéláé. Ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n èrò ti kún níta, nọ́ọ̀sì méjì ti wá yọjú sí mi lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo sì ti ń làágùn. Mo pa ọ̀rọ̀ aṣínà náà rẹ́. Ẹ̀rọ jí. Mo ní màá dá a padà lọ́la.

Ní alẹ́ Ọjọ́rú ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà nípa ohun tó ń dí mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo bá kan ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ náà ń dá mi lóhùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Á ní kí n lọ pàdé òun ní ojúlé kejì, á sì fún mi ní àdírẹ́sì rẹ̀. Àdírẹ́sì tó ń fún mi wá jẹ́ orúkọ tó ń pe ara rẹ̀ nínú ilé, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ níta. Bí ẹni tí wọ́n bi pé "níbo lo wà?" tó dáhùn pé "mo wà níbí." Kọ̀ǹpútà mi á gba "níbí" yẹn, á máa wá a kiri nínú ara rẹ̀ títí á fi rẹ̀ ẹ́. Ojúlé kejì náà tún ń yí nọ́ńbà padà nígbàkigbà tí ẹ̀rọ bá jí, ògiri ààbò kò sì lè ṣílẹ̀kùn tí kò mọ̀.

Ìlà méjì péré ló tún un ṣe. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo kọ orúkọ tí àwọn ará ìta mọ̀ ọ́n sí fún un, kó máa fi dáhùn. Mo sì so ojúlé kejì mọ́ nọ́ńbà ti àkọ́kọ́, kó má lè sá kiri mọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ìyá mi tó jẹun òwúrọ̀ tán, ẹ̀rọ náà la ojú fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ladjifarani.

N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàpèjúwe inú dídùn tí mo ní. Ìlà aláwọ̀ búlúù kan ló ń rìn lọ lójú kọ̀ǹpútà mi, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, á tún já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á tún máa gòkè. Mo gbé e lọ bá ìyá mi lórí ibùsùn.

"Kí ni òkè yìí?" ló bi mí.

"Ìrántí rẹ̀ ni, Màámi. Bó bá ń gòkè, ó ń kún."

"Ibi tó ti wá já bọ́ ńkọ́?"

"Ó da ìdọ̀tí rẹ̀ nù níbẹ̀ ni."

"Alhamdulilahi," ló wí, ó sì na àwo wàrà díndín sí mi, kí n mú nínú rẹ̀. A jọ jẹ iṣu sísè pẹ̀lú wàrà yẹn, a ń wo Banikanni.

Ọ̀rọ̀ dídùn yìí ni n kò lè pa mọ́ra. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan, kì í ṣe ọmọ ìyá mi, tí a jọ wà ní yunifásítì, ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ, tó ń gbé ní Kútọnu báyìí. Ní Ọjọ́bọ̀, mo kọ ìwé sí i lórí fóònù, mo sọ ohun tí mo ṣe, mo sì fi àdírẹ́sì ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ kó lè mọ̀ pé n kò purọ́. Kò pẹ́ tó fi pè mí.

"O kú iṣẹ́ o," ó ní. "Mo ti wọlé."

"Ẹ ti wọ ibo, Ẹ̀gbọ́n?"

"Inú ẹ̀rọ yín. Mò ń wo ìlà búlúù yẹn báyìí. Ó dára. Ta ló wá ní kó o fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu báyẹn? Mi ò tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà kankan."

Ọ̀la tí mo ní màá dá ọ̀rọ̀ aṣínà padà ti di ọjọ́ mẹ́jọ.

"Kì í ṣe wíwò nìkan ni wọ́n lè fi ojú yẹn ṣe o," ẹ̀gbọ́n náà tẹ̀síwájú. "Ẹni tó bá mọ ọ̀nà lè gba ibẹ̀ pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Tì í ná. Tì í báyìí, kó o tó sọ̀rọ̀ míì."

Ògiri ààbò ní ojú ìwé tirẹ̀ tí mo lè fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọ̀ láti ilé; ibẹ̀ ni mo gbà tì í. Mo ṣi nọ́ńbà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà. Lẹ́yìn náà, mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ògiri ààbò. Yàtọ̀ sí tèmi àti ti ẹ̀gbọ́n ní Kútọnu, àdírẹ́sì méjì tí n kò mọ̀ rí ti kan ilẹ̀kùn náà láàárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn.

Mo mú kọ̀ǹpútà náà, mo pa á dé. Ìyá mi ti gbọ́ ohùn mi, ó mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní mo ti ti ilẹ̀kùn, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọn kò mú nǹkan kan, pé bí n kò bá sọ fún dókítà, kò sí ẹni tó máa mọ̀ láéláé.

Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Nígbà tí mò ń ta aṣọ, bí mo bá rí ihò lára aṣọ kí oníbàárà tó rí i, èmi ni mo máa ń fi hàn án. Ojú á tì mí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun ló délé tó tú u síta tó rí i, ojú á tì mí, kò sì ní padà wá mọ́."

"Màámi, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi."

"Ó lè bọ́," ló wí. Kò fi nǹkan kan bò ó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo dé ọ́fíìsì dókítà àgbà kó tó dé. Mo dúró. Mo sọ ọ́ láìjókòó: ọjọ́ tí mo yọ ọ̀rọ̀ aṣínà, ìdí tí mo fi yọ ọ́, ọjọ́ tí mo rí i, àwọn àdírẹ́sì méjèèjì. Ó gbọ́ mi láìdá mi lẹ́nu.

"Èsì àyẹ̀wò àwọn ènìyàn wà níbẹ̀," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Obìnrin kan wà tí ọkọ rẹ̀ kò mọ̀ pé ó ń wá síbí."

Títí dòní, nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sọ sí mi lẹ́nu iṣẹ́, gbólóhùn yẹn ló wọ̀ mí lára jù.

Kò lé mi. Ó ní kí n pe ẹ̀gbọ́n mi ti yunifásítì, kó bá mi yẹ gbogbo rẹ̀ wò, kí àwa méjèèjì kọ ohun tí a bá rí sílẹ̀ kí a sì fọwọ́ sí i. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, n kò gbọdọ̀ dá nǹkan yí padà lórí ẹ̀rọ yẹn láìjẹ́ pé ẹlòmíràn bá mi wò ó. Ọjọ́ méjì la fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ ni pé àwọn tó kan ilẹ̀kùn yẹn, irú àwọn tó ń kan gbogbo ilẹ̀kùn tó wà láyé ni, wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láìmọ ẹni tó ni ilé. Wọ́n kàn án, wọn kò wọlé. Àmì kankan kò sí pé wọ́n fọwọ́ kan nǹkan. Bẹ́ẹ̀ la kọ ọ́. Mo gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n n kò lè fi Kùránì búra.

Lẹ́yìn ìyẹn, a kò ṣí ẹnu ọ̀nà kankan síta mọ́. Ẹ̀gbọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa la ọ̀nà abẹ́lẹ̀ láti kọ̀ǹpútà mi dé ilé ìwòsàn, tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ méjì péré ló lè ṣí i, ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi, dókítà àgbà ní èkejì nínú àpótí onírin rẹ̀. Inú ọ̀nà yẹn náà, mo tún fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí ẹnu ọ̀nà. Ìwé tó wà fún ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn, mo ṣe é bí ẹ̀rọ ṣe fẹ́ ẹ: kó má sí ẹlòmíràn tó lè kà á. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ni mo sọ pé n kò ní ní Ọjọ́rú.

Bí mo ṣe ń wo ìlà búlúù lójoojúmọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìwà rẹ̀. Ní kùtùkùtù, ó máa ń rọra lọ. Tí aago mẹ́jọ bá ti lé díẹ̀, á kàn fò sókè lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́, kò sì ní sọ̀kalẹ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ní ọjọ́ tí èrò kò pọ̀, ó máa ń rí i gbé. Ní ọjọ́ tí èrò bá pọ̀, ibẹ̀ ló ti ń dákú. Mo wo ohun tó ń ṣe ní àsìkò yẹn. Àṣẹ kan ni, láti kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà lábù ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo dúró dè é. Ìlà náà fò. Mo pe lábù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ báyìí?"

"Èmi? Ta ló sọ fún ẹ pé mo tẹ nǹkan?"

"Ó hàn níbí."

"Ò ń rí mi láti Ladjifarani?"

"Rárá o, mi ò rí yín. Ẹ̀rọ ni mò ń wò."

Ó mí kanlẹ̀. "Mò ń wò ó bóyá gbogbo èsì mi ṣì pé ni. Mi ò gbọ́kàn lé ẹ̀rọ yìí. Àràárọ̀ ni mo máa ń ní kó kó gbogbo wọn síta kí n fi ìwé mi wò ó."

"Gbogbo wọn, Ẹ̀gbọ́n?"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé."

Mo fọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo èsì àyẹ̀wò gbogbo ènìyàn láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé, lẹ́ẹ̀kan náà, láràárọ̀, nígbà tí nọ́ọ̀sì àti dókítà náà ń bẹ ẹ̀rọ kan náà. Ẹ̀rọ náà ń gbìyànjú láti gbé gbogbo rẹ̀ ni, ẹrù náà sì ń wó lù ú. Ohun tó sì ń dùn mí ni pé ọkùnrin yìí kò ṣẹ̀. Ìwé tó ń fi ẹ̀rọ wé yẹn ló gba obìnrin ọjọ́sí là.

"Ṣé èmi ni mo ń pa á láti ọjọ́ yìí?" ló bi mí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Kì í ṣe ẹ̀yin. Èmi ni mi ò wò ó."

Mo yí ètò náà padà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ti yunifásítì, ó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó gbé e lọ sórí ẹ̀rọ. Báyìí, bí ará lábù bá béèrè fún èsì, ojú ìwé kan ṣoṣo ló máa jáde, tó bá fẹ́ òmíràn, á ṣí i. Mo tún ṣe ibì kékeré kan fún un tó ń sọ iye èsì tó wà nínú ẹ̀rọ lánàá àti iye tó wà lónìí, kó lè fi ìwé rẹ̀ wò ó láìkó nǹkan kan síta. Ó wo ibẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n pé òun kò ní dá ìwé òun dúró o. Mo ní kó má dá a dúró.

Ẹ̀rọ náà kò dákú mọ́ ní oṣù yẹn, kò dákú ní oṣù tó tẹ̀lé e. Bàbá gádíyẹ̀n pè mí lọ́jọ́ kan fúnra rẹ̀, ó béèrè bóyá mo ti fi iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Mo ní rárá, ara ẹ̀rọ ló ti yá. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀ pé ó dùn ún díẹ̀.

Ní àkókò yẹn, ìyá mi ti ń fi igi rìn láti ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, eruku ti wálẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ní òun fẹ́ lọ kí obìnrin àdúgbò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní ilé kẹta sí tiwa. Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, mo di apá rẹ̀ mú. A rìn lọ díẹ̀díẹ̀, àwọn ènìyàn ń kí i láti ojúlé dé ojúlé, ó ń dúró dá kálukú lóhùn, ó ń bi wọ́n nípa ọmọ wọn. Ìrìn tí kò tó ìṣẹ́jú méjì, ó gbà wá ju ìdajì wákàtí lọ. Nígbà tí a dé, ó jókòó lórí àga, wọ́n gbé ọmọ tuntun náà lé e lọ́wọ́, ó sì wò mí.

"O lè máa lọ sílé rẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ó ní. "Ara mi ti le."

Mo ní kò tíì le tó. Ó ní ta ni yóò mọ̀ ju òun lọ. Ìyá ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó bu omi fún wa, ọmọ náà sì jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké.